Ìrìn Ìgbafẹ́ ní Ìgbèríko: Ẹ Wọ Ọkọ̀ Èrò, Ẹ Fi Ẹsẹ̀ Rìn, Ẹ Tètè Padà Sílé

Ọ̀rọ̀ ìlera ni a tún mú wá. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí oúnjẹ ọmọ ọwọ́ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun kan tí Ẹlẹ́dàá fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, tí a kì í sì í kà sí, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: ẹsẹ̀ wa méjèèjì.

Ìyá tí ó bí mi lọ́mọ ń ta èlùbọ́ ní ọjà. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orí àpótí ni wọ́n ń jókòó sí nínú ìsọ̀ wọn. Ní ọjọ́ kan, wọ́n sìn mí lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì tí ó wà níbẹ̀ ní kí àwọn náà na apá kí òun wọn ìfúnpá wọn. Ohun tí ẹ̀rọ náà kọ ni 168 lórí 102. Orí kò fọ́ wọn ní ọjọ́ náà, òòyì kò kọ́ wọn, wọn kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe àwọn.

Wọ́n ní kí wọ́n padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n tún un wọ̀n, kò wálẹ̀. Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì wí pé, “Màmá, ẹ ó máa lo oògùn, ẹ ó dín iyọ̀ kù, ẹ ó sì máa rìn.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta ni ó rìn tó mi? Láti kékeré ni mo ti ń ti ìlú rìn lọ sí oko bàbá mi.”

Nọ́ọ̀sì náà dá wọn lóhùn pé, “Ìrìn ìgbà náà ni ó gbé yín dé ibi tí ẹ dé yìí, Màmá. Ti ìsinsìnyí dà?”

Ìbéèrè yìí kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Ọlọ́kadà ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ wa ń jókòó sí iwájú tẹlifíṣọ̀n àti fóònù, iṣẹ́ wa sì jẹ́ iṣẹ́ àjókòó. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ìdílé tí kò ní mọ́tò pàápàá lè wọ ọkọ̀ èrò jáde kúrò nínú ariwo ìlú, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn níbi tí atẹ́gùn ti mọ́, kí wọ́n sì padà sílé láìséwu. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é.

KÍ NI ÌRÌN Ń ṢE FÚN ARA?

Ẹran ara alágbára ni ọkàn wa. Bí a ti ń lò ó ni ó ń lágbára sí i. Nígbà tí a bá ń rìn kánkán, ọkàn ń ṣiṣẹ́, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ a sì dẹ̀. Bí a bá ń ṣe èyí déédéé, ìfúnpá ń lọ sílẹ̀. Àwọn iṣan ẹsẹ̀ wa a máa lo ṣúgà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bí epo, èyí tí í máa ran ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ lọ́wọ́. Ìrìn a máa mú egungun le, a máa mú ìgbẹ́ yá, a máa mú oorun dùn, a sì máa mú ìrònú fúyẹ́ lọ́kàn.

Ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ pé bí ìfúnpá bá tó 140 lórí 90 tàbí bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí a wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àrùn yìí kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn àgbàlagbà tí ó ní i tí kò mọ̀ pé àwọn ní i. Ìgbà tí ó bá di àrùn rọpárọsẹ̀, tàbí tí ó ba kíndìnrín jẹ́, ni ọ̀pọ̀ ń mọ̀. Ìdènà sì sàn ju ìwòsàn lọ.

ÌWỌ̀N WO NI Ó TÓ?

Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020, wọ́n ní kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá pín 150 sí ọjọ́ márùn-ún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ó bọ́ sí lójúmọ́. Kò pọn dandan kí a rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lè rin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní òwúrọ̀ àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìrọ̀lẹ́. Aboyún tí dókítà kò ka ìrìn léèwọ̀ fún náà lè rin ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà láti ọdún 5 sí 17 nílò wákàtí kan lójúmọ́ tí ara wọn yóò fi máa ṣiṣẹ́.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ìrìn wa yá tó? Bí ẹ bá lè bá ẹnìkejì yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ìrìn náà dára. Bí ẹ bá lè kọrin, ẹ yára sí i. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ rọra.

Ẹni tí kò bá ti rìn fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ fi ipá bẹ̀rẹ̀. Kí ó rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, yóò ti pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn.

KÍ LÓ DÉ TÍ A FI Ń LỌ SÍ ÌGBÈRÍKO?

Ẹnì kan lè béèrè pé, “Ṣé a kò lè rìn ní àdúgbò wa ni?” A lè rìn níbẹ̀, ó sì yẹ kí a máa rìn níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ bí ojú pópó wa ti rí. Èéfín ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ kún ibẹ̀, ọlọ́kadà ń sáré, ọ̀pọ̀ ibi ni kò sì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ìrìn ojoojúmọ́ ní àdúgbò ni oúnjẹ wa. Ìrìn ìgbèríko lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tàbí lẹ́ẹ̀kan ní oṣù méjì, ni ẹran tí ń mú oúnjẹ náà dùn jẹ.

A kò gbàgbé ọ̀rọ̀ owó. Láti ìgbà tí a ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo wa ni a mọ bí owó ọkọ̀ ti ga sókè. Nítorí náà, kí ilé kọ̀ọ̀kan yan ibi tí agbára rẹ̀ ká. Ibi tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gbé yín dé náà tó.

IBI MẸ́TA TÍ ỌKỌ̀ ÈRÒ LÈ GBÉ WA DÉ

Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, a ó mú ibi mẹ́ta. Èyí tí ó rọrùn jù ni a ó fi ṣáájú, èyí tí ó le jù ni yóò sì gbẹ̀yìn.

(a) Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ibí yìí dára fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, fún àgbàlagbà, àti fún ilé tí ó ní ọmọ kékeré. Ọkọ̀ ń ti Iléṣà, Ifẹ̀, Ẹdẹ, Ìkìrun àti Ìwó wá sí Òṣogbo. Bí ẹ bá dé gáréèjì, ẹ wọ kọ̀rọ́pẹ́ tàbí takisí tí ń lọ sí Ọjà Ọba, níwájú ààfin Atáọja. Láti ibẹ̀, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí igbó náà. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, Arugbá a máa fi ẹsẹ̀ rìn láti ààfin lọ sí etí odò pẹ̀lú igbá lórí, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn a sì máa tẹ̀ lé e. Bí ọmọbìnrin tí ó ru igbá bá lè rìn ín, àwa tí a kò ru nǹkan kan náà lè rìn ín.

Igbó náà tó hẹ́kítà 75. Ó wà lára ìwọ̀nba igbó kìjikìji tí ó kù ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè yìí. Àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tí ó ti ilẹ̀ Austria wá, tí ó sì di olóògbé ní ọdún 2009, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú wa, ni wọ́n mọ àwọn ère ńláńlá tí ẹ ó rí níbẹ̀. Òjìji igi bo ojú ọ̀nà, ọ̀bọ sì ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Ẹ má ṣe fún wọn ní oúnjẹ. A kì í dọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja, a kì í sì í gé igi. Ẹ̀sìn yòówù kí ẹ máa ṣe, ẹ lè rìn lábẹ́ igi wọ̀nyí kí ẹ sì mí atẹ́gùn tútù. Ẹ mú owó ìwọlé dání.

Ìkìlọ̀ kan wà o. Ẹ má ṣe mu omi odò Ọ̀ṣun, ẹ má sì ṣe fi fún ọmọ. Ní ọdún 2022, ìjọba kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe mu ún, nítorí ìdọ̀tí tí àwọn tí ń wa wúrà ní òkè odò ń dà sínú rẹ̀. Májèlé irin bí òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, sísè kì í sì í mú irú májèlé bẹ́ẹ̀ kúrò nínú omi. Omi tí ẹ gbé láti ilé ni kí ẹ mu.

(b) Ọ̀nà oko. Kò sí ìdílé tí kò ní oko tàbí abúlé tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń rìn lọ. Ẹ wọ ọkọ̀ tí ń lọ sí abúlé náà, ẹ sọ̀ sí ìdajì ọ̀nà tàbí ní orí títì, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rin èyí tí ó kù. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ní agbègbè Ifẹ̀, abẹ́ òjìji kókó ni ẹ ó máa gbà kọjá. Ẹ fi igi ìrókò, àràbà, obì àti ọ̀pẹ han àwọn ọmọ, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lóko pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Bí ìyá àgbà bá wà níbẹ̀, inú wọn yóò dùn pé ọmọ-ọmọ wá kí wọn.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn oníṣòwò mọ̀. Ọjọ́ ọjà abúlé ni ọkọ̀ ń pọ̀ jù ní ọ̀nà oko, ní àlọ àti ní àbọ̀. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ọjà bọ́ sí, kí ẹ mú ọjọ́ ìrìn yín bá a mu. Ẹ ó rí ọkọ̀ wọ̀, ẹ ó sì ra ẹ̀fọ́ àti èso tútù bọ̀ wá sílé.

Bí ẹ bá rí ẹni tí ń fín oògùn sí kókó, ẹ yà fún un, kí ẹ má ṣe gba ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ oògùn náà sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ ṣa ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì oògùn tí a ti lò tán. Fífọ̀ kò lè mú kí ó dára fún omi mímu. Ẹ má sì ṣe já èso oko olóko láìtọrọ.

(d) Omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Èyí ni ó le jù, òun ni àwọn ọmọ sì fẹ́ràn jù. Ẹ wọ ọkọ̀ dé Iléṣà, kí ẹ wọ òmíràn tí ó gba ọ̀nà Akúrẹ́. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé oríta tí ó wọ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni ẹ ó sọ̀ sí. Láti ibẹ̀, ẹ lè wọ ọ̀kadà, tàbí kí ẹ rìn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà sọ pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ni ó ṣe alábàápàdé omi yìí. Orí àpáta ni ó ti ń já bọ̀ láti òkè, ìpele méje ni ó sì ní.

Ìpele àkọ́kọ́ tó fún ìdílé tí ó ní ọmọdé. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ọ̀nà náà ga, ó sì ń yọ̀. Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, tí bàtà rẹ̀ sì di ilẹ̀ mú, pẹ̀lú ẹni tí ó mọ ọ̀nà, ni kí ó tẹ̀ síwájú. Ní ìgbà òjò, omi náà a máa pọ̀, agbára rẹ̀ a sì le. Bí òjò bá ṣú, ẹ sọ̀kalẹ̀ kíákíá.

Àwọn tí ó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn náà ní tiwọn. Òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ju 600 lọ, kò jìnnà sí Akúrẹ́. Omi gbígbóná àti omi tútù pàdé ara wọn ní Ìkógòsì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Àpáta Olúmọ wà láàárín Abẹ́òkúta, adágún orí òkè sì wà ní Adó-Àwáyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

ÀJÒ KÌ Í DÙN KÍ ONÍLÉ MÁ RE ILÉ

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi fún yín, kí ẹ má baà ṣe irú rẹ̀.

Nígbà tí ìyá mi ti ń rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún bí oṣù mẹ́ta, mo ní kí a lọ sí Olúmirìn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Mo kọ́kọ́ fọ aṣọ, mo sì se ọbẹ̀ kí a tó jáde, nítorí náà ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé gáréèjì. Ọkọ̀ sì dúró títí tí ó fi kún. Aago mẹ́ta ti kọjá kí a tó dé ẹsẹ̀ omi náà. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ń pariwo ayọ̀. Ìyá mi jókòó sórí òkúta ní ìpele àkọ́kọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. N kò lè sọ fún wọn pé kí a máa lọ.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú. Àwọn ọlọ́kadà ti lọ sílé wọn. A rìn dé orí títì nínú òkùnkùn, mo gbé àbíkẹ́yìn mi sẹ́yìn. Ọkọ̀ tí ó bá kọjá ti kún, eré ni wọ́n sì ń sá. Ìgbà náà ni mo rántí pé oògùn alẹ́ ìyá mi wà lórí tábìlì nílé. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n ní, “Orí ń fọ́ mi díẹ̀.” Ẹ̀rù bà mí dé egungun. Ó ti kọjá aago mẹ́jọ kí awakọ̀ kan tí ó ń kó àwọn alájàpá bọ̀ láti ọjà tó dúró tì wá. Àwọn obìnrin náà fún ara wọn pọ̀ kí a lè ráyè jókòó.

A dé ilé ní àlàáfíà, ìyá mi sì lo oògùn wọn. Ṣùgbọ́n n kò sùn dáadáa ní òru náà. Èmi tí ń kọ́ àwọn ènìyàn nípa ìlera ni mo fi ìyá mi sí ẹ̀gbẹ́ títì ní òru. Kì í ṣe ẹ̀bi awakọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi omi. Àlọ ni mo rò, n kò ro àbọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ní òfin mẹ́ta nínú ilé wa:

1. A gbọ́dọ̀ ti jáde nílé kí aago méje òwúrọ̀ tó lù. Iṣẹ́ ilé tí a kò bá parí yóò dúró de ọjọ́ mìíràn.

2. Ibi tí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni a ti ń béèrè pé, “Aago mélòó ni ọkọ̀ ń tán ní ọ̀nà yìí?” A ó sì gba nọ́ńbà fóònù ọlọ́kadà tí ó gbé wa.

3. Nígbà tí aago méjì ọ̀sán bá lù, ibi yòówù kí a dé, a ó yí padà.

OHUN TÍ A Ó MÚ DÁNÍ

Ẹ múra sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú:

1. Omi mímu tí ó mọ́, ó kéré tán lítà kan fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe dúró de òùngbẹ kí ẹ tó mu ún.

2. Oúnjẹ tí kò tètè bàjẹ́: ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹyin sísè, ọsàn. Ẹ mú ọṣẹ díẹ̀ dání láti fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

3. Bàtà tí ó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, aṣọ tí ó bo apá àti ẹsẹ̀, àti fìlà tàbí gèlè fún oòrùn.

4. Oògùn ẹni tí ó bá ń lo oògùn, kódà bí ẹ bá rò pé ẹ ó tètè dé.

5. Owó àbọ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ sí àpò mìíràn, kí ẹ sì fi díẹ̀ kún un. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án.

6. Fóònù tí iná kún inú rẹ̀. Ẹ sọ fún ẹnì kan nílé nípa ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ ó dé.

Inú gáréèjì ni kí ẹ ti wọ ọkọ̀. Ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ tí ń fi owó pọ́ọ́kú pe èrò ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ bóyá ọ̀nà náà wà ní àlàáfíà ní ọjọ́ náà, bí wọ́n bá sì ní kò dára, ẹ padà sílé. Ọ̀kadà kan kò gbọdọ̀ gbé ju èrò kan lọ.

ÀWỌN TÍ Ó GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA

Aboyún: Ẹ yan ọ̀nà tí ó tẹ́jú. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí omi dà, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tí inú ń fún yín lemọ́lemọ́, ẹ dúró kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹlẹ́jẹ̀ ríru: Ẹ lọ wọn ìfúnpá yín kí ẹ tó gun òkè. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí èémí kò bá délẹ̀, ẹ dúró. Ìrìn kò rọ́pò oògùn. Dókítà nìkan ni ó lè sọ pé kí ẹ dín in kù.

Alátọ̀gbẹ: Ẹ má ṣe rìn láìwọ bàtà. Ẹ yẹ ẹsẹ̀ yín wò nígbà tí ẹ bá dé ilé, nítorí ẹ lè gba ọgbẹ́ kí ẹ má mọ̀. Ẹ mú ohun dídùn dání bí ara bá ṣàdédé ń gbọ̀n tí òógùn sì ń bò yín.

Ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde: Ó lè bá yín lọ. Ṣùgbọ́n kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó máa sinmi, kí ó má sì wọ inú omi tútù Olúmirìn, nítorí òtútù lè mú ìrora rẹ̀ dìde. Ẹ mú aṣọ òtútù rẹ̀ dání.

Ọmọ ọwọ́: Ẹ pọ̀n ọ́n, kí ẹ sì bo orí rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ oòrùn. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, omi ọmú ìyá rẹ̀ nìkan tó o.

BÍ JÀǸBÁ BÁ ṢẸLẸ̀

Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má ṣe gé ojú ibẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹnu fà á, ẹ má sì ṣe so ó le. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò, ẹ jẹ́ kí ẹni náà dúró jẹ́ẹ́ láì mi ẹsẹ̀ tàbí apá náà, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe fi àkókò ṣòfò láti lépa ejò náà.

Bí oòrùn bá mú ẹnì kan tí orí ń fọ́ ọ tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e sí abẹ́ igi, ẹ fún un ní omi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi aṣọ tútù nu ara rẹ̀. Bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ tàbí tí ó dákú, ẹ má ṣe fi nǹkan sí i lẹ́nu. Ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀YIN BÀBÁ, Ọ̀RỌ̀ KÀN YÍN

Bí àwọn ìyá kì í bá rìn, kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Iṣẹ́ ilé ni kò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Bí bàbá bá gbé ẹrù, tí ọmọkùnrin fọ àwo, tí ọmọbìnrin gbá ilẹ̀, ìyá yóò ráyè rìn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyá nìkan lọ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Bí oká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá sì wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró dè wọ́n? Bí ìdílé bá jọ rìn, àárẹ̀ kì í tètè mú wọn, ọ̀rọ̀ tí wọn kò ráyè sọ nílé a sì máa rí sọ ní ojú ọ̀nà.

Ìyá mi ṣì ń lo oògùn wọn títí di òní, wọ́n sì ń rìn. Nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá wọn kẹ́yìn, 134 lórí 84 ni. Ní báyìí, àwọn obìnrin márùn-ún nínú ọjà wọn ni wọ́n jọ ń rìn ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó ṣí ìsọ̀. A tún ti padà lọ sí Olúmirìn. Aago kan àbọ̀ ni ìyá mi dìde lórí òkúta wọn, wọ́n sì wí pé, “Ẹ kó ẹrù yín. Èmi kò sun ẹ̀gbẹ́ títì mọ́ o.”

Ẹ̀yin náà, ẹ lọ wọn ìfúnpá yín ní ibùdó ìlera tí ó súnmọ́ yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọ̀la. Nígbà tí ẹ bá lè rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìmí gúlegúle, ẹ pe gbogbo ilé jọ, kí ẹ yan ọjọ́, kí ẹ ya owó àbọ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ sì gba gáréèjì lọ. A ó lọ re, a ó bọ̀ re. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.